Oyin Nínú Páálí Aṣọ Bàbá Sharon

Ọjọ́ Àìkú, April 27

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí n lè wò ó bóyá òjò àná ti wó àwọn tòmátì mi lulẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ọ nínú ilé pákó. Ẹnì kan ń kùn. Kò lọ́rọ̀ nínú, ó kàn ń kùn nínú ọ̀fun, bí Bàbá Sharon ṣe máa ń kùn tó bá ń so bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ láàárọ̀. Mo ní, "Bàbá Sharon?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ṣílẹ̀kùn. Èmi nọ́ọ̀sì ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí mo ti fọwọ́ ara mi pa ojú òkú dé láìmọye ìgbà, mo sá wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Sharon lórí fóònù pé ó rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, April 29

Ọ̀sán gangan ni mo padà lọ. Mo mú ìgbálẹ̀ dání, bí ẹni pé ẹni tó ti kú láti oṣù méje á bẹ̀rù ìgbálẹ̀.

Oyin ni. Oyin ńlá kan, ó sanra, ó nírun lára bí ọmọ ológbò, dúdú àti yẹ́lò. Ihò tí èèyàn máa ń ki ọwọ́ bọ̀ lára páálí ló ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Páálí ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tó wà léra, gbogbo aṣọ Bàbá Sharon ló wà nínú wọn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló yàn, èyí tí agbádá àti aṣọ òkè wà nínú ẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Sharon. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: "Mommy that's a bumblebee. A queen. She's making a nest. Please don't touch it."

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo jókòó sórí kóńkéré níbẹ̀, mo sunkún, torí pé oyin ni, kì í ṣe òun.

Sátidé, May 3

Bọ̀dá Ayọ̀ladé pè láti Houston. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Sharon ni wọ́n, àwọn náà sì ni olórí ẹbí báyìí. Wọ́n béèrè ara mi, wọ́n béèrè Sharon, wọ́n wá kan ibẹ̀. Wọ́n ní ogójì ọjọ́ ti kọjá, oṣù méje ti kọjá, a ò tíì pín aṣọ àbúrò àwọn, àwọn ará ilé ní Òṣogbo sì ń béèrè. Àwọn ń bọ̀ wá sí kọnfẹ́ńṣọ̀n ìjọ ní Floyd ní June. Tí àwọn bá parí níbẹ̀, àwọn á yà sí Mesquite níbí, àwọn á fi pickup kó o.

"Ó ṣì wà ní wọ́dúróòbù ẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ ni. Kò sí nínú wọ́dúróòbù láti ọjọ́ kẹta oṣù September. Bàbá Sharon ṣì wà láàyè nígbà yẹn. Èmi ni mo kó o síta.

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ nìkan, òun ń padà sí Òṣogbo pátápátá ní December. Ó ní kí n máa bọ̀ tí mo bá fẹ̀yìn tì. Kò bi mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nílé ọkọ, kò bi mí. Mo ní, "Ẹ ṣáà ti ń lọ, ẹ jẹ́ n bá yín bẹ̀rẹ̀." Mo kó gbogbo aṣọ ẹ̀ sínú páálí, mo wọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé pákó. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kò bá mi jà. Ká ní ó jà ni, ì bá sàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń jáde láàárọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, á mú aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú páálí, á máa kùn. Èmi náà á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, máa máa mu tíì, máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀, ó ṣubú níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Grapevine. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ. Wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi. Ṣẹ́ẹ̀tì náà rún wómúwómú. Kò sí áyọ́ọ̀nù nínú ilé pákó.

Ohun tí mo ti pinnu ni pé kí n kó aṣọ náà wọlé kí June tó dé, kí n fi kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oyin yìí nìkan ló dí mi lọ́nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, May 6

Mo ra fílíìtì tí wọ́n fi ń pa agbọ́n, dọ́là mẹ́jọ àbọ̀. Owó ẹyin ò tíì wálẹ̀, méjìlá ṣì ń lọ ní dọ́là márùn-ún lé.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Ìyá oyin náà jáde, ó dúró sẹ́nu ihò. Bí èémí mi ṣe kàn án báyìí, ó gbé ẹsẹ̀ àárín kan sókè, ó nà án sí mi bí àgbàlagbà tó gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ fílíìtì kalẹ̀.

Rosemary, aládùúgbò mi, tìṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń wò mí láti òdì kejì fẹ́ńsì. Ó ní ìkìlọ̀ ni ẹsẹ̀ tó gbé sókè yẹn, kì í ṣe ìjà. Tí mo bá sún sẹ́yìn, á gbàgbé mi. Ó ní tí mo bá fi lè pa á, kí n má retí tòmátì púpọ̀ lọ́dún yìí, torí oyin tí à ń jẹ oyin ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ tí eléyìí mọ̀. Eléyìí á dì mọ́ òdòdó tòmátì, tàbí ti ata, tàbí ti ikàn, á máa gbọ̀n ọ́n títí ìyẹ̀fun inú ẹ̀ á fi dà jáde. Ó ní kò tiẹ̀ sídìí láti pa wọ́n. Tí òtútù bá dé, gbogbo wọn á kú fúnra wọn, àwọn ọ̀dọ́ ìyá nìkan ló máa kù, ìyẹn á sì fò lọ sùn síbòmíì.

Mo bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní November.

June ni Bọ̀dá ń bọ̀.

Ọjọ́rú, May 7

Òjò. Mi ò rí oorun sùn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo tún lọ dúró sẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, May 13

Àwọn ọmọ ti ń jáde, wọ́n kéré ju ìyá wọn lọ. Mo ka méje láàárọ̀ yìí.

Mo ti ń mọ ìwà wọn. Wọn ò fẹ́ kí èèyàn mí sí wọn lójú. Wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ mì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọkùnrin tó ń gé koríko fi ẹ̀yìn ilé pákó sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí èèyàn dúró sójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fò. Tí mo bá dúró síbẹ̀, wọ́n á máa yí mi po títí máa fi kúrò. Mi ò lo pafúùmù mọ́ tí mo bá ń lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá wà lórí òdòdó, èèyàn lè fọwọ́ kan ewé tí wọ́n wà, wọn ò ní dá a lóhùn. Ẹnu ilé wọn nìkan ni wọ́n ń jà fún.

Ṣùgbọ́n aago méje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Aago méje ni òun náà máa ń lọ wọṣọ. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, mo máa ń rí ara mi lójú fèrèsé náà tèmi ti kọ́ọ̀bù tíì, tí mò ń dúró. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Sátidé, May 17

Èmi ni mo fẹnu ara mi kó bá ara mi. Lọ́jọ́ tí mi ò tíì mọ̀ pé oyin ni, mo ti sọ fún Sista Josephine, olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa, pé mò ń gbọ́ Bàbá Sharon nínú ilé pákó. Láàárọ̀ yìí ló kó àwọn mẹ́ta dé tàwọn ti òróró. Mo ṣàlàyé, mo ní, "Sista, oyin lásán ni." Josephine ní oyin lásán kọ́, pé nínú gbogbo Mesquite, kí ló dé tó fi jẹ́ aṣọ òkú ló yàn. Ìbéèrè tèmi náà ni.

Pafúùmù tí wọ́n fín sára, èèyàn lè gbọ́ ọ láti orí freeway. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàdúrà nínú pálọ̀. Wọn ò gbọ́. Wọ́n dúró yí ẹnu ilẹ̀kùn ilé pákó ká, wọ́n ní ká fi ẹsẹ̀ tẹ orí ọ̀tá mọ́lẹ̀, ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, pákó ń mì. Mo gbọ́ tí kíkùn inú páálí yí padà. Ó ga sókè. Mo ní, "Sista, ẹ dúró." Ó rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Bóyá márùn-ún ló jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ló ta Josephine lẹ́ẹ̀mẹta, torí irú èyí kì í fi abẹ́rẹ́ tó fi ń ta èèyàn sílẹ̀ sí i lára, ó lè ta ọ́ títí tó bá fẹ́. Àwọn ajagun ẹ̀mí mẹ́rin gba ojú ọgbà ata mi kọjá, ọ̀kan gbàgbé bàtà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti September.

Nínú ilé ìdáná, mo ń fi yìnyín sí ọwọ́ Josephine, mo ń ṣọ́ mímí ẹ̀ bóyá ọ̀fun ẹ̀ ń wú, ló bá wò mí lójú. Ó ní, "Adétóun, ta ló ń kó aṣọ ọkọ ẹ̀ sí irú ibẹ̀ yẹn?" Mo ní lẹ́yìn ìsìnkú ni, mi ò lè máa wò ó nínú yàrá. Ó gbá mi mọ́ra tòun ti ọwọ́ wíwú, ó sunkún fún mi. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, May 20

Wíwú ọwọ́ Josephine ti lọ sílẹ̀. Ó sì ti sọ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá Rere bí mi ò ṣe lè wo aṣọ ọkọ mi. Wọ́n gbé ìrẹsì àti búrẹ́dì wá. Mo gbà á. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, June 3

Oòrùn ti ń mú, ó ti di mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ní Fahrenheit. Tòmátì ti so, ikàn náà ti so, ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka fi tẹ̀. Mo sùn lọ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́, mo rí Bàbá Sharon níwájú wọ́dúróòbù tó ṣófo. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Kò bínú. Ó ní, "Adétóun, èwo ni kí n wọ̀?" Mo jí, ìrọ̀rí ti tutù.

Sátidé, June 14

Bọ̀dá tún pè. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Mo ní kò burú, sà. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo wá ilé iṣẹ́ tó ń pa kòkòrò. Dọ́là igba ó lé àádọ́rin. Wọ́n ń bọ̀ ní Friday, aago mẹ́sàn-án. Tó bá di ọ̀sán, aṣọ á ti wà lórí háńgà, ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù á pa dé, ọ̀rọ̀ á parí.

Sharon ò mọ̀. Ó ń gbàdúrà fún àwọn oyin náà, ó ti sọ ìyá wọn ní Jessica.

Friday, June 20

Ọkùnrin náà dé. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi àwọ̀n bojú, ó gbé sìlíńdà kọ́ èjìká. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn oyin ń wọlé, ìyẹ̀fun òdòdó wà lẹ́sẹ̀ wọn, yẹ́lò, kálukú ń gbé ẹrù bọ̀ wálé.

Mo ní kó máa lọ. Ó rò pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo ní mo gbọ́. Ó gba dọ́là àádọ́rin fún wíwá lásán, mo san án.

Èèyàn kan ni mo ti lé jáde nínú ilé yìí. Ó tó.

Sátidé, June 21

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bọ̀dá dé ní aago mọ́kànlá. Sharon ti wà nílé, òun ló kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n mu omi. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀nà Houston jìn. Mo mú wọn wọ yàrá, mo ṣí wọ́dúróòbù fún wọn. Háńgà lásán. Wọ́n wò mí.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi ká lọ sẹ́yìnkùlé." Mo dá wọn dúró síbi tí àwọn oyin ò ti ní bínú, mo fi páálí hàn wọ́n. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko. Mo sọ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì, páálí, ọjọ́ mẹ́sàn-án, síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì tó rún. Irọ́ tí mo pa fún wọn àti irọ́ tí mo pa fún Josephine. Mi ò fi ìkankan pamọ́. Sharon fọwọ́ bo ẹnu.

Bọ̀dá ní kí wọ́n gbé àga wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo àwọn oyin tó ń wọlé tó ń jáde. Wọ́n wá bi mí.

"Ọjọ́ wo lo ní in lọ́kàn láti kó o wọlé?"

"Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, sà. Mo ti ra ẹran tí màá fi sebẹ̀ fún wọn."

"Ọjọ́bọ̀ ló kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó mọ̀ pé Sátidé ni?"

"Rárá, sà. Mi ò sọ fún wọn."

Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní, "Àbúrò mi kú bí àlejò." Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n gbá mi létí, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Gbọ́. Aṣọ òkú ni ẹbí ń pín. Ẹni tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀ síta, tí wọn ò kó o padà, aṣọ ẹ̀ ò tíì di aṣọ òkú. Mi ò lè gbé e láti ilé pákó lọ fún àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ kí n ní kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ìwọ lo kó o jáde, ìwọ ni wàá fọwọ́ ara ẹ kó o wọlé. Wàá lọ̀ ọ́. Wàá fi kọ́ síbi tó wà. Tó bá ti wọlé, pè mí, màá wá mú un."

Mo ní, "Bọ̀dá, àwọn oyin yìí ò ní lọ títí di November."

Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n máa gbé ibẹ̀? Dúró dè wọ́n."

Wọ́n dìde. Wọn ò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Ọjọ́ Àìkú, June 22

Mo sọ òótọ́ fún Josephine lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ó dáa, ó lọ jókòó síbòmíì. Sharon tẹ̀ ẹ́ sí fóònù mi: "I need some time, Mommy."

Sátidé, August 9

Oòrùn ti di ọgọ́rùn-ún àti mẹ́rin. Àwọn oyin dúró sẹ́nu ihò, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé fún àwọn tó kù.

Sharon wá. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nígbà tó yá ó ní dádì òun pe òun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n sọ̀rọ̀ mọ́tò òun. "He never said anything about the clothes." Kò fi mí sùn. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Sharon di ọwọ́ mi mú.

Friday, September 12

Ọdún kan. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́. Mo jókòó tì wọ́n láti aago méje títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ń kùn. Mi ò bẹ̀rù mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, October 26

Wọ́n ń dínkù. Àwọn akọ wọn ń rìn kiri lórí òdòdó, ìyẹn ò lè ta èèyàn rárá, Rosemary mú ọ̀kan sọ́wọ́ hàn mí. Mo rí ọ̀dọ́ ìyá mẹ́ta tó jáde tí wọn ò padà. Òkú wà lórí kóńkéré láràárọ̀. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ gbá wọn jọ, mi ò lè fi ìgbálẹ̀ gbá wọn.

Ọjọ́ Ajé, December 1

Yìnyín bo koríko láàárọ̀. Ata ti kú. Mo lu páálí pẹ̀lú ìka. Kò sóhùn. Màá fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, bóyá ẹnì kan ṣẹ́ kù.

Sátidé, December 6

Mo dá kó o ni. Sharon ní òun á bá mi gbé e, mo ní rárá.

Páálí mẹ́ta tó wà lókè kọ́kọ́ wọlé. Mo gbé èyí tó kẹ́yìn bí ẹni gbé ọmọ. Láàárín agbádá ẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí, àwọn ìkòkò ìda wẹẹrẹ, kò ju hóró àgbàdo lọ, ó ṣófo. Wọn ò jẹ aṣọ náà. Wọ́n kàn fa òwú díẹ̀ lára ẹ̀ láti fi ṣe ibùsùn. Mo gbé ilé wọn sílẹ̀ lábẹ́ igi, mo fọ aṣọ.

Odindi ọjọ́ ni mo fi lọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì, sòkòtò, bùbá, agbádá, mo fi kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tó wà. Mo lọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọ̀rá ọsibítù náà, mo fi kọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù wà ní ṣíṣí, yàrá wá rí bí ìgbà tó wà nílé.

Mo pe Bọ̀dá. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Bàbá Sharon ti wọlé."

Wọ́n ní, "O ṣeun, Adétóun." Ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní àwọn á gbéra láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."